Kí Ni Ó So Ara Pọ̀? Ẹ̀kọ́ Kékeré lórí Áńtíbọ́dì Ọmọ-Ìyá-Kan àti Èròjà Ìlẹ̀mọ́ra lára Eku

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Wọ́n tún ní ṣùṣù ọwọ̀ ni a fi ń gbálẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n n kò fi ìgbà kan bi ara mi léèrè pé kí ni ó di ọwọ̀ náà tí kò fi tú. Ní ọdún tí ó kọjá ni ìbéèrè náà wá bá mi nílé. Òun ni ó mú mi kọ àròkọ yìí. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kí ẹ fi sùúrù kà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, èmi kì í sì í ṣe ọmọ sáyẹ́ǹsì.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni ó tọ́ mi dàgbà. Iṣẹ́ aránṣọ ni ó ń ṣe. Ó ṣàkíyèsí pé ibì kan ní ọmú rẹ̀ nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kókó gidi tí ènìyàn lè fi ọwọ́ mú. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, èmi ni ó nà án sí. Ó ní, "Ìwọ ni o wà ní yunifásítì. Kà á fún mi, kí o sì sọ ọ́ ní Yorùbá." Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ ọmú ni, pé irú èyí tí wọ́n ń pè ní lobular ni, àti pé nígbà tí wọ́n fi áńtíbọ́dì wá E-cadherin nínú ẹran tí wọ́n gé, wọn kò rí i. Mo lè sọ jẹjẹrẹ. Mo lè sọ ọmú. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti dárúkọ E-cadherin, ẹnu mi wọhò. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n." Wọ́n wò mí, wọn kò sì sọ nǹkan kan. Ojú tì mí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń kọ́ èdè Yorùbá, síbẹ̀ n kò lè ka ìwé ojú kan ṣoṣo fún ẹni tí ó tọ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kan náà, tí ó ń kọ́ nípa kẹ́mísìrì ohun ẹlẹ́mìí, ni ó jókòó tì mí fún alẹ́ mẹ́ta. Òun a sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi a tú u sí Yorùbá, n ó sì tún un sọ fún un kí ó lè mọ̀ bóyá mo ti sọ ọ́ nù. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Sẹ́ẹ̀lì àti ohun tí ó so ó pọ̀

Bí bíríkì ti jẹ́ sí ilé ni sẹ́ẹ̀lì jẹ́ sí ara. Ẹni tí ó bá to bíríkì lásán láìfi sìmẹ́ǹtì sí i kò tíì kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ara yàtọ̀ sí ti ilé. Ojú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni ó wà. Purotéènì ni, ó sì dà bí ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì kan nà jáde láti di ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì kejì mú. Oríṣiríṣi ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó wà, gbogbo wọn ni mo pè ní èròjà ìlẹ̀mọ́ra nínú àròkọ yìí. E-cadherin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun ni ó so àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó bo ojú ara àti inú ìfun pọ̀, tí ó sì so àwọn tí ó tò sínú ọ̀nà tí wàrà ń gbà nínú ọmú.

Bí wọ́n ṣe rí i kọ́kọ́ jẹ́ ìtàn tí ó dùn. Ní àwọn ọdún 1970, ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Masatoshi Takeichi, ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Kyoto, lọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà. Ní Kyoto, bí ó bá fẹ́ tú sẹ́ẹ̀lì ká, a máa fi trypsin, èròjà tí ń jẹ purotéènì, sí i. Bí ó bá sì fọ trypsin náà kúrò, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà a tún lẹ̀ mọ́ ara wọn. Nígbà tí ó ṣe irú rẹ̀ ní Baltimore, wọn kò lẹ̀ mọ́ ara wọn mọ́. Kò kàn gbà pé ọwọ́ òun ni kò dára. Ó yẹ omi tí wọ́n ń lò níbẹ̀ wò, ó sì rí i pé wọ́n fi EDTA sí i, ohun kan tí ń kó kalisíọ́ọ̀mù kúrò nínú omi. Ti Kyoto kò ní in. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé e: ohun kan wà lójú sẹ́ẹ̀lì tí trypsin kò lè jẹ bí kalisíọ́ọ̀mù bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí kalisíọ́ọ̀mù bá ti lọ, trypsin a jẹ ẹ́, sẹ́ẹ̀lì kò sì ní lè lẹ̀ mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ mọ́. Ní 1977 ni ó tẹ iṣẹ́ yìí jáde. Láti inú kalisíọ́ọ̀mù yìí náà ni orúkọ cadherin ti wá ní 1984.

Ṣùgbọ́n kí á mọ̀ pé nǹkan kan wà kò túmọ̀ sí pé a mọ ọ́n. Purotéènì tí ó wà lójú sẹ́ẹ̀lì kan pọ̀ bí èrò ọjà. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí iṣẹ́ ìlẹ̀mọ́ra wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Kí ni áńtíbọ́dì?

Bí àjèjì bá wọ inú ara, ara a ṣe èròjà kan tí yóò wá àjèjì náà rí, tí yóò sì dì mọ́ ọn. Èròjà yìí ni áńtíbọ́dì. Apá tí ó fi ń di nǹkan mú dà bí kọ́kọ́rọ́ tí ó mọ àgádágodo tirẹ̀. Bí áńtíbọ́dì bá dì mọ́ ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì nà jáde, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ náà má lè di ẹlòmíràn mú mọ́. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí purotéènì kan ń ṣe, kí á fi áńtíbọ́dì dì í lọ́wọ́, kí á wá wo ohun tí yóò bàjẹ́.

Ní 1977, Rolf Kemler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé Ìwádìí Pasteur ní ìlú Paris lo ọgbọ́n yìí. Wọ́n fún ehoro ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì F9, èyí tí a mú láti ara kókó jẹjẹrẹ eku, tí ó sì jọ sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀. Wọ́n mú áńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ ehoro náà, wọ́n sì fi sí ọlẹ̀ eku. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ náà kò lè fara mọ́ ara wọn bí ó ti yẹ. Nígbà tí wọ́n fọ áńtíbọ́dì náà kúrò, wọ́n tún fara mọ́ra. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun kan kù. Ara ehoro kì í ṣe irú áńtíbọ́dì kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tí ó bá rí lára sẹ́ẹ̀lì àjèjì ni ó ń ṣe áńtíbọ́dì sí. Bí ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn bá wọ ọjà lóru, tí ìsọ̀ kan sì wó kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ni a ó mú nínú wọn?

Ọmọ-ìyá-kan

Ẹni méjì tí ó yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni Georges Köhler, ọmọ Jámánì, àti César Milstein, ẹni tí a bí ní Ajẹntínà. Ní 1975, ní ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n tẹ ọgbọ́n wọn jáde. Ohun tí wọ́n gùn lé ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kọ̀ọ̀kan tí ń ṣe áńtíbọ́dì, irú kan ṣoṣo ni ó ń ṣe. Bí ènìyàn bá lè mú ẹyọ kan, kí ó sì jẹ́ kí ó bímọ lọ bẹẹrẹ, irú áńtíbọ́dì kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ náà yóò máa ṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí a bá yọ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ara, kì í pẹ́ kú.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n fún eku ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àgùntàn kí ara rẹ̀ lè ṣe áńtíbọ́dì sí i. Wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì láti inú ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbẹ̀du, níbi tí àwọn tí ń ṣe áńtíbọ́dì máa ń pọ̀ sí. Wọ́n da sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ eku, wọ́n sì mú kí wọ́n wọ inú ara wọn di ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í kú bọ̀rọ̀. Ọmọ tí àwọn méjèèjì jọ bí jogún áńtíbọ́dì láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan, ó sì jogún ẹ̀mí gígùn láti ọ̀dọ̀ èkejì. Nínú omi tí wọ́n fi ń sìn wọ́n, wọ́n fi oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kò bá rí ẹnì kejì sí i. Èyí tí ó wá láti ara eku tí kò rí ẹnì kejì a kú fúnra rẹ̀. Ọmọ àjọbí nìkan ni ó kù. Lẹ́yìn náà, a lè pín wọn sí kòtò kéékèèké, kí ó jẹ́ pé ẹyọ kan ni yóò wà nínú kòtò kan, kí ó sì máa bímọ lọ níbẹ̀.

Nítorí pé ìyá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, ni mo ṣe pè é ní áńtíbọ́dì ọmọ-ìyá-kan. Ní 1984 ni wọ́n fún Köhler àti Milstein ní Ẹ̀bùn Nobel, wọ́n sì fún Niels Jerne pẹ̀lú wọn. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé jẹjẹrẹ eku wà lára ohun tí a fi ṣe irin iṣẹ́ tí a fi wá di mọ jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn.

Èkúté àti èlírí

Eku ni a sábà máa ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Yorùbá kò ṣàìmọ̀ pé wọ́n yàtọ̀: òkété wà, ẹmọ́ wà, asín wà. Nínú iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí, ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí n pe èyí kékeré ní èlírí, kí n sì pe èyí ńlá ní èkúté.

Ara kì í sábà bá ohun tirẹ̀ jà. Bí a bá fún èlírí ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì èlírí bíi tirẹ̀, kò ní kà á sí àjèjì, kò sì ní ṣe áńtíbọ́dì tí a ń wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èròjà ìlẹ̀mọ́ra èlírí a máa mú sẹ́ẹ̀lì èlírí lọ sára èkúté. Èkúté ni yóò rí ohun tí èlírí kò lè rí lára ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wá so sẹ́ẹ̀lì èkúté náà pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ èlírí.

Ohun tí wọ́n fi rí

Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni n ó mú wá. Èkíní ni ti Takeichi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Yoshida-Noro àti Suzuki, ní 1984. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì F9 sára èkúté, wọ́n sì rí áńtíbọ́dì ọmọ-ìyá-kan tí wọ́n sọ ní ECCD-1. Nígbà tí ọlẹ̀ èlírí bá pé sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, wọ́n a kọ́kọ́ rí róbótó bí ọsàn tí a kó sínú àpò. Kò pẹ́, wọ́n a fún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kì yóò fi rí ààlà àárín wọn dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n fi ECCD-1 sí i, fífún mọ́ra yìí kò wáyé. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ogúnlọ́gọ̀ ni ó wọ ọjà. Ẹnì kan ṣoṣo ni, a sì mọ ẹni tí ó dì mú: purotéènì kan tí ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 124,000 dalton. Òun ni E-cadherin.

Èkejì wáyé ní 1983 ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, láti ọwọ́ Gallatin, Weissman àti Butcher. Áńtíbọ́dì tiwọn ń jẹ́ MEL-14, ara èkúté ni òun náà ti wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan wà tí ń yípo nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń yà sínú àwọn kókó kéékèèké tí ó wà ní ọrùn àti abẹ́ abíyá. Kí wọ́n tó lè yà, wọ́n ní láti kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí MEL-14 bo ojú wọn, wọn kò lè yà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò dí wọn lọ́wọ́ láti lẹ̀ mọ́ iṣan àwọn kókó irú bẹ́ẹ̀ tí ó wà lára ìfun. Èyí fi hàn pé ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kan ilẹ̀kùn ilé kan kọ́ ni ó fi ń kan ti èkejì. Èròjà ìlẹ̀mọ́ra tí MEL-14 dì mú ni a ń pè ní L-selectin lónìí.

Ẹ̀kẹta ni ó fi èdìdì dì í. Sẹ́ẹ̀lì èlírí kan wà tí wọ́n ń pè ní L, kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Ní 1987, Nagafuchi, Takeichi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi jíìnì E-cadherin sínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ń dá rìn tẹ́lẹ̀ wá ń di ara wọn mú. Ní 1994, àwọn onímọ̀ mìíràn, tí Kemler wà lára wọn, ṣe òdì-kejì rẹ̀: wọ́n mú jíìnì yìí kúrò lára èlírí. Ọlẹ̀ tí kò ní in kò lè hun awọ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó bò ó, kò sì lè fìdí múlẹ̀ nínú ilé ọmọ.

Ohun tí ó jọ ọ́ nínú ẹ̀kọ́ tiwa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ṣé kò jọ ohun tí a ń ṣe nínú kíláàsì fonọ́lọ́jì? Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi hàn wá pé ohùn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú Yorùbá, a kì í kó ọ̀rọ̀ jọ gọ̀ọ́rọ̀gọ̀. Ó lè mú ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Kọ́ńsónáǹtì kò yí padà, fáwẹ̀lì kò yí padà; ohùn nìkan ni ó yí, ìtumọ̀ sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Fọwọ́ kan ohun kan ṣoṣo, fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ti wà, kí o wá wo ohun tí yóò yàtọ̀. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ náà jọra. Áńtíbọ́dì tóbi. Ó lè jẹ́ pé ìdènà lásán ni ó ṣe, bí ẹni tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí kò jẹ́ kí ará ilé jáde. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń mú áńtíbọ́dì mìíràn tí ó di ojú sẹ́ẹ̀lì kan náà mú ní ibòmíràn, kí wọ́n fi wé e. Bí èyí kò bá tú sẹ́ẹ̀lì ká, tí ti àkọ́kọ́ sì tú u ká, nígbà náà ni ẹnu tó gbà á. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo áńtíbọ́dì ni ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Òmíràn wà tí a kàn ń lò bí àmì: a ó so àwọ̀ mọ́ ọn, ibi tí purotéènì náà bá wà ni àwọ̀ yóò ti yọ lábẹ́ awò amóhun-tóbi. Irú èyí ni wọ́n ń lò fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú. Ní 1989 ni a tẹ iṣẹ́ lórí HECD-1 jáde, áńtíbọ́dì tí ó mọ E-cadherin ti ọmọ ènìyàn. Lọ́tẹ̀ yìí, èlírí fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é, nítorí pé àjèjì ni ènìyàn jẹ́ sí èlírí.

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá

Nígbà tí mo padà délé, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo bá wọn. Mo ní, "Màmá, mo ti mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ara wa dà bí aṣọ gígé. Ohun kan ni ó rán wọn pọ̀. Wọ́n wá ohun náà nínú ẹran tí wọ́n gé lára yín, wọn kò sì rí i."

Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. "Ṣé òwú ni kò sí níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Òwú ni kò sí níbẹ̀."

"Ìyẹn ni kò ṣe di kókó?"

Mo sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni. Nínú irú jẹjẹrẹ yìí, sẹ́ẹ̀lì kì í ṣù jọ. Ṣe ni wọ́n máa ń tò lẹ́yìn ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìjàlọ, ìdí nìyí tí ó fi máa ń ṣòro kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n lè fi òwú náà padà sí i?" Mo ní wọn kò tíì lè ṣe ìyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ àti oògùn wà, àti pé bí dókítà ṣe mọ irú èyí tí ó jẹ́ yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "O ṣé. Ó ti yé mi." Ẹ̀rọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń rán aṣọ.

Ẹ rántí pé alẹ́ mẹ́ta ni ó gbà mí kí n tó lè wá sọ gbólóhùn mẹ́rin fún wọn. Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀. A kò tíì jókòó wá a ni. Ní 1984 ni a tẹ ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, òun ni a fi ń kọ́ nípa gírámà àti lítíréṣọ̀ ní èdè wa láìwọ́lẹ̀ wò. Irú rẹ̀ ni a nílò fún ẹ̀kọ́ nípa ara, nítorí pé èsì àyẹ̀wò kì í dúró de ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi méjì sílẹ̀ níwájú yín: èròjà ìlẹ̀mọ́ra, àti áńtíbọ́dì ọmọ-ìyá-kan. Bí wọ́n kò bá tọ́, ẹ tún wọn ṣe. Ẹni tí ó bá sì ní èyí tí ó dára ju tèmi lọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún tí ń bọ̀.